Lẹ́ǹsì Tí Sodiqat Fi Gbẹ̀san

Ẹni tó bá ń béèrè bí ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ bíi Sodiqat ṣe di ẹni tó ń gun àpáta kiri torí ẹ̀san, kó jókòó kó gbọ́. Mi ò ní sọ pé ohun tó ṣe dáa, mi ò sì ní bú u. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Sodiqat ló kó èyí.

Ayafọ́tò ni. Ṣakí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, nídìí walímà àti ìgbéyàwó ló sì ti ń jẹun. Níbi walímà kan ní Ìwéré-Ilé ni òun àti Ismaheel ti pàdé. Ismaheel ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń fi ọkọ̀ ńlá wá kó o. Ọkùnrin gíga ni, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí fọ́tò tí Sodiqat yà tí Ismaheel kò sí nínú ẹ̀. Bó bá dojú kámẹ́rà kọ ààfáà, Ismaheel á ti dúró lẹ́yìn ààfáà. Bó bá yí i sí àwọn ọmọ kéwú, Ismaheel á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí ẹni tó ń wá bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú ọ̀nà mi," ni Sodiqat wí nígbà tó sú u.

"Mo fẹ́ kí o rí mi ni."

"Mo ti rí yín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ku kí o mọ̀ mí."

Sodiqat fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ ìbínú. Kó tó dé Ṣakí nírọ̀lẹ́, ó ti wo àwọn fọ́tò náà débi pé ó mọ iye bọ́tìnnì tó wà lára aṣọ ọkùnrin náà.

Ní ilé Àlàájì Àmúdà, bàbá Ismaheel, wọn kì í fi fóònù fẹ́ ìyàwó. Ayé ì báà lajú títí, alárenà ni wọ́n ń rán. Alárenà yìí á máa lọ, á máa bọ̀, títí ọmọbìnrin náà yóò fi ṣíhùn, ìyẹn ni pé yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú alárenà pé òun gbà. Láìsí ìṣíhùn, kò sí ìdána. Àmọ̀kẹ́, ìbátan Àlàájì tó ń gbé Ìlerò, ni wọ́n fi iṣẹ́ náà rán. Obìnrin tó sanra, tó lawọ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. Gbogbo ìgbà tó bá wá sí Ṣakí ló máa ń jókòó ti Sodiqat ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí lórí ọ̀kadà. Ìgbà wo lo fẹ́ ṣíhùn?"

"Mo ṣì ń rò ó, Màmá."

"Rò ó kíá. Ọkọ tí ò ń rò yìí, kò jẹun mọ́."

Irọ́ ni. Ismaheel ń jẹun dáadáa. Sodiqat gan-an ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ tipẹ́, ó kàn ń fi ẹnu ṣe yàngà ni, nítorí ó dùn mọ́ ọn kí wọ́n máa bẹ òun. Nígbà tó wá ṣíhùn, Àmọ̀kẹ́ jó láti ṣọ́ọ̀bù dé títì.

Ẹnìkan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kò dùn. Àlàájà Àdìjátù, ìyá Ismaheel, ò fìgbà kan fẹ́ ayafọ́tò níyàwó ọmọ. Ó ní obìnrin tó ń sáré kiri láàárín ọkùnrin kò lè jókòó ti ọkọ. Ó ń wá ohun tí yóò fi tú u ká, bọ́ọ̀lù ló sì bá a rí i.

Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána nígbà tí Ìpàpó àti Ìlerò pàdé lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìpàpó. Wọ́n gbé iṣẹ́ fọ́tò fún Sodiqat. Lẹ́ǹsì kékeré tó fi ń ya ìyàwó nìkan ló ní, nítorí náà etí ìlà gan-an ló kúnlẹ̀ sí, tó ń ya àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ṣe ń sáré kọjá. Ọkùnrin kan wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, nídìí igi máńgòrò, tó nawọ́ sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, tó ń pariwo. Sodiqat kò rí i. Títí di òní, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayafọ́tò mìíràn tó wá láti Ìsẹ́yìn wà ní òdìkejì pápá pẹ̀lú lẹ́ǹsì gígùn. Ó ya bọ́ọ̀lù tirẹ̀, ó gbé àwọn fọ́tò náà sórí Fesibúùkù, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú ọ̀kan lára wọn, ọwọ́ ọkùnrin abẹ́ máńgòrò wà lọ́rùn Sodiqat. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Sodiqat sì ń rẹ́rìn-ín.

Àlàájà Àdìjátù rí fọ́tò yẹn lórí fóònù aládùúgbò kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbé e yí ọjà Ìwéré-Ilé ká. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ alátà, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ àgbàdo. "Ẹ wá wo ìyàwó tí ọmọ mi fẹ́ fẹ́," ló ń wí.

Lọ́jọ́ kejì ni Àmọ̀kẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Sodiqat. Kò jókòó.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kí n wá gba ọ̀rọ̀ wa padà."

"Ta ló ní kí ẹ gbà á?"

"Ìyá Ismaheel."

"Ismaheel ńkọ́? Kí ló sọ?"

Àmọ̀kẹ́ wo ilẹ̀. "Ó jókòó síbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan."

Sodiqat pe Ismaheel títí fóònù fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù: "Ismaheel, mi ò mọ ọkùnrin yẹn. Bi mí. Bi mí ní ìbéèrè kan péré." Àmì méjì náà di búlúù, tó fi hàn pé ó ti gbọ́ ọ. Kò fèsì.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju àìsàn lọ. Bó bá jẹ́ pé Ismaheel bú u ni, ì bá mọ ohun tí yóò bú u padà. Ìdákẹ́jẹ́ ló fún un, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìdákẹ́jẹ́ jà. Iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àwọn ìyá ìyàwó ò fẹ́ ẹni tí wọ́n ti gbé fọ́tò rẹ̀ yí ọjà ká níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Sodiqat ronú, ó ní bí ìyàwó kò bá fẹ́ òun mọ́, òun á máa ya ohun tí kì í gbọ́ òfófó. Òun á máa ya bọ́ọ̀lù, òun á sì máa ya ẹyẹ àti ẹranko igbó. Iṣẹ́ yẹn kò ṣe é fi lẹ́ǹsì kékeré ṣe, ló bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Treasure ló ń ta kámẹ́rà àlòkù níbẹ̀. Ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó sì máa ń gbé nǹkan lé oníbàárà lọ́wọ́ kó tó sọ ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

"Kí lo fẹ́ máa yà?"

"Bọ́ọ̀lù, àti ẹranko igbó."

"Ọ̀tọ̀ ni ti bọ́ọ̀lù, ọ̀tọ̀ ni ti ẹranko." Treasure gbé lẹ́ǹsì kan lé e lọ́wọ́. "Èyí, igba mìlímítà ni agbára fífà rẹ̀ mọ. Ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Bí oòrùn bá tiẹ̀ ti ń wọ̀, á ṣì mú agbábọ́ọ̀lù lórí eré, ẹsẹ̀ wọn ò ní dà rú. Tí wọ́n bá ń jẹ́ kó o jókòó sétí pápá, òun ni kó o mú."

"Ẹranko ńkọ́?"

"Ìgalà ò ní jẹ́ kó o jókòó sétí òun." Ó gbé òmíràn, tó wúwo bí ọmọ odó. "Èyí ń fà dé ẹgbẹ̀ta. Ẹnu tirẹ̀ ò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ló fẹ́ràn, o sì gbọ́dọ̀ gbé e lé ọ̀pá kọ́wọ́ rẹ má baà gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tó wà lórí igi lọ́hùn-ún, wàá ka ìyẹ́ ara ẹ̀."

"Èyí tó wà nínú gíláàsì yẹn ńkọ́?"

"Irinwó mìlímítà ni. Ó mọ́ ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kì í fà síwá sẹ́yìn. Bí ẹranko bá dédé wá bá ọ, imú ẹ̀ nìkan lo máa rí."

Sodiqat rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yọ fóònù. Kò mọ ohun tó mú un ṣe é. Ó fi fọ́tò bọ́ọ̀lù náà han Treasure, ó ní, "Irú lẹ́ǹsì wo ló ya èyí?"

Treasure wò ó. "Ti gígùn ni. Ọkùnrin yìí ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ó jìnnà sí ọ gan-an."

Sodiqat súnmọ́ ọn. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Treasure fà á jáde. Fọgánáísà kan ń lu táyà ní iwájú, obìnrin ọlọ́sàn kan sì jókòó lọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ààyè tó tó ilé bíi mélòó kan ló wà láàárín wọn. Treasure mú Sodiqat rìn jìnnà sẹ́yìn, ó fa lẹ́ǹsì náà gùn, ó dín ẹnu rẹ̀ kù, ó ya àwọn méjèèjì. Nínú fọ́tò, ọlọ́sàn jókòó sí èjìká fọgánáísà, ó ń bó ọsàn sí i létí.

"Bó o bá dúró jìnnà, tó o wá fi lẹ́ǹsì fa nǹkan súnmọ́, ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ra," ni Treasure wí. "Tó o bá sì dín ẹnu lẹ́ǹsì kù nínú oòrùn, àwọn méjèèjì á hàn kedere. Ṣé wọ́n fi èyí kó bá ọ ni?"

Sodiqat bú sẹ́kún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan tó sì mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó fẹ́ fi í ṣe aya sì wò ó, ó dákẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ìbínú rẹ̀ wá dúró sójú kan. Bí lẹ́ǹsì bá lè parọ́ mọ́ òun, ó lè parọ́ mọ́ Àlàájà Àdìjátù náà. Ó gbé èyí tó ń fà dé ẹgbẹ̀ta.

"Ẹranko lo mú nìyẹn," ni Treasure wí.

"Ẹranko ni," ni Sodiqat dáhùn, ojú Àlàájà ló sì ń rí.

Ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà kọ́ ara rẹ̀ nínú igbó lẹ́yìn Ṣakí. Ó ń ya àwọn lékèélékèé tó ń tẹ̀lé màlúù Fúlàní. Ó ń dùbúlẹ̀ sínú koríko létí odò gbígbẹ títí ìgalà á fi wá wá omi tó kù. Ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró lódì sí atẹ́gùn kí ẹranko má baà gbóòórùn rẹ̀, ó sì kọ́ pé ẹranko kì í yé padà sí ibi tó bá ti mọ́ ọn lára. Sùúrù la fi ń fún wàrà kìnnìún. Àwọn fọ́tò ìgalà náà dáa débi pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìsẹ́yìn rí wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún un. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ó tó, kó gbàgbé Ìwéré-Ilé. Sodiqat kò gbàgbé. Àwọn alẹ́ kan wà tó ń rántí Ismaheel tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ kéwú kọjá, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Bó bá ti wá rántí àmì búlúù méjì yẹn, ọkàn náà á tún le.

Àpáta kan wà tó wo ọjà Ìwéré-Ilé látòkè. Àlàájà Àdìjátù ń ta ọkà bàbà àti àgbàdo ní iwájú ọjà. Ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ní òdìkejì títì, Ògúndèjì ẹlẹ́mu jókòó sábẹ́ igi rẹ̀. Àlàájà kì í kí Ògúndèjì. Bó bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, á fi ìborùn bo imú torí òórùn ẹmu. Gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń fi í yangàn láàárín àwọn mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ń kọjá, Sodiqat ń gun àpáta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, Àlàájà ń bá oníbàárà kan ṣàwàdà, ó gbé orí sẹ́yìn, ó ya ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní àkókò yẹn gan-an ni Ògúndèjì nawọ́ igbá ẹmu sí ẹnìkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sodiqat tẹ kámẹ́rà. Nínú fọ́tò, Ògúndèjì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé igbá ẹmu sí Àlàájà lẹ́nu, Àlàájà sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń mu ún.

Sodiqat wo fọ́tò náà lórí àpáta, ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹyẹ fò.

Kò fẹ́ gbé e yí ọjà ká. Ẹ̀san tirẹ̀ jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Ọkọ ni Àlàájà gbà lọ́wọ́ òun, ọ̀dọ̀ ọkọ Àlàájà ni fọ́tò yìí ń lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní títóbi, ó gun ọ̀kadà, ó dé ilé Àlàájì Àmúdà lẹ́yìn ìrun àsárì. Bàbá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ismaheel ń rán àpò kajú nínú àgbàlá. Nígbà tó rí Sodiqat, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sodiqat kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ní kí n mú nǹkan wá fún yín. Wọ́n ní fọ́tò kì í parọ́ nílé yìí."

Àlàájì gbà á. Ó wò ó pẹ́. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Sodiqat ń retí àrá.

"Ìyá Ismaheel," ni bàbá náà pè, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Àlàájà jáde láti inú ilé. "Ṣé ìwọ nìyí?"

Àlàájà wo fọ́tò náà. "Èmi ni. Aṣọ mi ni. Ṣùgbọ́n mi ò..."

"Ṣé o gba igbá lọ́wọ́ Ògúndèjì?"

"Láéláé, bàbá Ismaheel. Mi ò súnmọ́ ọn rí."

"Ó tán." Àlàájì dojú fọ́tò náà dé ilẹ̀, ó tún mú tẹ̀súbáà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Sodiqat pé, "Ọmọ mi, ta ló ya èyí?"

"Èmi ni, Bàbá." Sodiqat sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, àpáta, lẹ́ǹsì, àti ọkùnrin abẹ́ máńgòrò ní Ìpàpó. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Àlàájà ń rọra jókòó sílẹ̀. Ismaheel dúró ti àpò kajú bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀.

Sodiqat gbà pé òun ti gbẹ̀san bó ṣe ń padà sí Ṣakí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Kò rí obìnrin tí wọ́n lé nílé. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bi léèrè ló rí, ìlara sì gbà á lọ́kàn débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Kò pẹ́ tí wọ́n wá. Àlàájì, Àlàájà, Ismaheel àti Àmọ̀kẹ́ ló jókòó sí pálọ̀ bàbá Sodiqat. Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Sodiqat, mo jẹ̀bi rẹ. Gbogbo ibi tí mo gbé fọ́tò rẹ dé, mo ti padà débẹ̀ láti sọ pé irọ́ ni mo pa. Má fi tèmi ṣe." Ojú rẹ̀ pọ́n. Sodiqat mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, nítorí àwọn oníyàwó ti tún ń wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ̀kẹ́ dá sí i. "Ọmọ mi, a tún dé. Ṣíhùn fún wa."

"Bàbá," ni Sodiqat wí fún Àlàájì, "mo fẹ́ bi yín léèrè kí n tó ṣíhùn. Lọ́jọ́ tí mo gbé fọ́tò yẹn lé yín lọ́wọ́, ṣé inú bí yín?"

"Ó bí mi. Mo rí igbá, mo rí Ògúndèjì. Èèyàn ni mí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo pè é, mo bi í. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni."

Sodiqat yíjú sí Ismaheel. "Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ." Ismaheel dojú kọ ọ́. "Mo ṣe àṣìṣe. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Sodiqat. Ọlọ́run mọ̀."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Òun ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí." Kò nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú. Ẹlòmíràn á tún gbé nǹkan mìíràn wá nípa mi. Lọ́jọ́ náà, ṣé èmi lo máa kọ́kọ́ bi?"

Ismaheel la ẹnu láti dáhùn. Ṣùgbọ́n kó tó sọ̀rọ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́, ìwò kan lásán ni. Gbogbo pálọ̀ ló rí i. Àlàájà gan-an rí i, ó sì fi ìborùn bo ojú.

Àlàájì Àmúdà gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó dìde. "Àmọ̀kẹ́, Ismaheel ti fi ojú ṣíhùn. Ẹ dìde, ká máa lọ."